Èsì sí ìbéèrè yìí: DNA (àmì ìran inú ara) edé odò wa jọra jù, ṣé kí n kó edé odò míì wá láti odò kejì dà mọ́ tibí?

Ẹ má tíì dà á o. Pé DNA edé odò yín jọra jù ò ní kí wọ́n máa kú lọ, edé ìbílẹ̀ Yúróòpù tó bá wà lórísun odò tí ò ráyè pàdé tòmíì, bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn.

Ẹ gbàwé àṣẹ, kẹ́ ẹ gé ṣóńṣó ẹsẹ̀ kan lára bí 20 sí 30 nínú wọn sínú ethanol, ọtí líle tí kì í jẹ́ kó jẹrà, fún àyẹ̀wò DNA (ẹsẹ̀ náà á hù padà tí wọ́n bá bọ́ èèpo), kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lódò kejì náà. Tó bá jẹ́ ìran kan náà ni wọ́n, tí tiyín sì ń dín kù lọ́dọọdún, ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ àdàpọ̀.

Àrùn tí Aphanomyces astaci, ohun abẹ̀mí tíntìntín tó jọ olú, máa ń fà ló ń bà mí lẹ́rù jù, edé Amẹ́ríkà ń gbé e kiri láì kú, ti Yúróòpù ló ń pa, bọ́ọ̀tù tútù lásán lè gbé e wá, ẹ yáa sá a gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ odò kejì.