Ṣé Ọjọ́ Kan Náà Ni Lóòótọ́? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Déètì Inú Ìtàn

Àwọn tó ń kọ̀wé sí wa lórí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ gan-an. Díẹ̀ la mú nínú ìbéèrè wọn. Èyí tó ń wá lemọ́lemọ́ jù la fi ṣáájú.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ wa pé ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1616 ni òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì William Shakespeare àti òǹkọ̀wé Spéìn Miguel de Cervantes kú. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n jọ kú lọ́jọ́ kan náà?

Rárá o. Déètì ló bára mu, ọjọ́ kò bára mu. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ló wà láàárín ikú àwọn méjèèjì.

Kàlẹ́ńdà méjì ni Yúróòpù ń lò nígbà yẹn. Èyí tó ti wà láti ayé Julius Caesar ka ọdún kan sí ọjọ́ 365 àti wákàtí mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ọdún gidi fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 dín sí i. Ìṣẹ́jú 11 kò jọ ohun tí èèyàn ń bá jà, àmọ́ láàárín ọdún 128 péré, ó ti di odindi ọjọ́ kan. Láti ìgbà ìpàdé àwọn olórí ìjọ Kristẹni ní Nicaea lọ́dún 325 títí di 1582, ọjọ́ mẹ́wàá ni kàlẹ́ńdà ti fi ṣìnà. Póòpù Gregory Kẹtàlá wá pàṣẹ pé kí wọ́n fò wọ́n. Ní Spéìn, Ítálì, Pọtogí àti Pólàńdì, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ni wọ́n fi sùn, ọjọ́ 15 ni wọ́n bá jí. (Òru yẹn gan-an ni Teresa ti Ávila, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, kú, ìdí sì nìyẹn tí ọjọ́ 15 fi di ọjọ́ ìrántí rẹ̀.) Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gba àṣẹ póòpù, wọn ò sì yí tiwọn padà títí di ọdún 1752, nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án tẹ̀ lé ọjọ́ 2.

Nítorí náà, déètì Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ ni ti Shakespeare, ti Cervantes sì jẹ́ ti tuntun. Bí ẹ ṣe máa yí ti àtijọ́ sí ti tuntun nìyí. Ẹ mú nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ nínú ọdún náà, ìyẹn 16 nínú 1616. Ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ má ka èyí tó bá ṣẹ́kù. Ó jẹ́ 4. Ẹ yọ 4 kúrò nínú 16, kí ẹ tún yọ 2. Ó ku 10. Ẹ fi 10 kún ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, ó di ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ tí Shakespeare kú nìyẹn lórí kàlẹ́ńdà tí Cervantes ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni ti Cervantes fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró: ọjọ́ 22 ló kú, ọjọ́ 23 jẹ́ ti ìsìnkú rẹ̀ tó wà nínú ìwé ìjọ. Síbẹ̀, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ṣe Ọjọ́ Ìwé Lágbàáyé. Kò burú, ọjọ́ àjọyọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nínú ìṣirò yìí ni pé wọ́n máa ń fi ìyàtọ̀ tòde òní, ìyẹn ọjọ́ 13, kún gbogbo déètì àtijọ́. Ogun Kosovo, tí àwọn ará Serbia bá àwọn Túúkì jà, wáyé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1389. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni àwọn ará Serbia ń ṣe ìrántí rẹ̀ báyìí, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni wọ́n sì yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ ọba Austria, ní Sarajevo lọ́dún 1914. Ni àwọn kan bá ń kọ ọ́ pé ọjọ́ kan náà ni ogun náà àti ìpànìyàn yẹn bọ́ sí. Ẹ ṣírò ọdún 1389 wò: 13, ẹ yọ 3, ẹ yọ 2, ó ku 8. Ọjọ́ 23 ni ogun náà bọ́ sí tí a bá fi kàlẹ́ńdà tuntun kà á. Ohun tó bára mu ni ọjọ́ àjọ̀dún, òun ni àwọn tó gbèrò ìpànìyàn náà mọ̀ dáadáa.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ọdún tí Galileo kú ni wọ́n bí Isaac Newton?

Àdàlù kàlẹ́ńdà kan náà ni. Galileo kú ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1642, kàlẹ́ńdà tuntun ni Ítálì fi kọ ọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọjọ́ ìbí Newton sí ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1642. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá kún un, ó di ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1643. Ẹ ò lè fi kàlẹ́ńdà kan ka ọ̀kan, kí ẹ fi òmíràn ka èkejì. Tí ẹ bá ń wá ìbáramu tó dúró, Stephen Hawking ni kí ẹ mú: ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1942 ni wọ́n bí i, ọ̀ọ́dúnrún ọdún géérégé lẹ́yìn ikú Galileo, ó sì kú ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2018, tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ ìbí Einstein.

Ìbéèrè: Mo rí “1731/32” nínú ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa ìbí George Washington. Ṣé wọn ò mọ ọdún rẹ̀ ni?

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Títí di ọdún 1751, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láwọn ìlú tó wà lábẹ́ wọn. Nítorí náà oṣù kejì ṣì jẹ́ ti ọdún 1731 lójú tiwọn, nígbà tí àwọn mìíràn ti wọ 1732. Ìlà yẹn ń fi ọdún méjèèjì hàn. Ọjọ́ 11 oṣù kejì 1731 ti àtijọ́ ni ọjọ́ 22 oṣù kejì 1732 ti tuntun. Tí ẹ bá rí déètì Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọjọ́ 1 oṣù kìíní sí ọjọ́ 24 oṣù kẹta ṣáájú 1752, ẹ yẹ ọdún rẹ̀ wò kí ẹ tó yẹ ọjọ́ wò.

Ìbéèrè: Ààrẹ Amẹ́ríkà mẹ́ta ló kú ní ọjọ́ 4 oṣù keje. Báwo ni ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀?

Mẹ́ta nínú márùn-ún àkọ́kọ́ ni. John Adams àti Thomas Jefferson jọ kú ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1826, ọjọ́ tí ìkéde òmìnira pé àádọ́ta ọdún. James Monroe tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan náà ní 1831. Kàlẹ́ńdà kan, orílẹ̀-èdè kan, àkọsílẹ̀ tó mọ́: èyí kò ní màgòmágó nínú.

Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé kòńgẹ́ lásán ni gbogbo rẹ̀. Adams ti pé ẹni 90 ọdún, Jefferson 83, àìsàn sì ti dá àwọn méjèèjì wólẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Jefferson kọ ọ́ sílẹ̀ pé alẹ́ ọjọ́ 3 ló ti ń béèrè bóyá ọjọ́ 4 ti dé. Àwọn kan gbà pé arúgbó tó ń retí ọjọ́ ńlá lè fi wákàtí díẹ̀ di ẹ̀mí mú. Ó ṣeé ṣe. Kò sí bí a ṣe lè fi ti Monroe mọ́ ọn ní tiwa.

Ohun tó yẹ kí ẹ fọkàn sí jù ni ọjọ́ 4 yẹn fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1776 ni àpérò àwọn aṣojú Amẹ́ríkà dìbò láti yà kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Adams kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé ọjọ́ 2 ni àwọn ọmọ wọn yóò máa fi ṣàjọyọ̀! Ọjọ́ 4 ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ inú ìwé ìkéde wọlé, déètì yẹn ló sì wà lórí èyí tí wọ́n tẹ̀ káàkiri. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, déètì mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ “wọ́n tọwọ́ bọ ìwé òmìnira ní ọjọ́ 4” ti ṣì í.

Ìbéèrè: Tí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, tó parí ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọjọ́ wo ni ká kọ?

Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, déètì yóò tò fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15 alẹ́, ni wọ́n yìnbọn fún Abraham Lincoln. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú 22 àárọ̀ ọjọ́ 15 ló kú. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1912, ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú lóru, ni ọkọ̀ Titanic kọ lu òkè yìnyín. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ìdájí ọjọ́ 15 ló rì. Tí ẹ bá kọ “ikú Lincoln” sí ọjọ́ 15, tí ẹ sì kọ “jàǹbá Titanic” sí ọjọ́ 14, ẹ ti tú ìbáramu kan tó dájú ká. Yálà kí ẹ fi ìbọn àti ìkọlù sí 14, tàbí kí ẹ fi ikú àti rírì sí 15.

Ti aago àgbáyé tún le ju èyí lọ. Ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1941 ni gbogbo ìwé kọ fún ìkọlù Pearl Harbor ní Hawaii, ọjọ́ 8 ni wọ́n sì kọ fún bí àwọn ọmọ ogun Japan ṣe gúnlẹ̀ sí Kota Bharu ní Málàyà. Ẹ ó rò pé Pearl Harbor ló ṣáájú. Òdìkejì ni: ó ti lé ní wákàtí kan tí ìbọn ti ń dún ní Kota Bharu kí ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tó dé Pearl Harbor. Ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà lórí òkun Pàsífíìkì ló wà láàárín wọn. Ìyàtọ̀ aago láàárín ìlú sí ìlú ló mú kí ìparí Ogun Àgbáyé Kejì ní Yúróòpù jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1945 fún àwọn kan, ọjọ́ 9 fún Rọ́ṣíà: aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú kan alẹ́ ni ìdáwọ́dúró náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Moscow sì ti kọjá ọ̀gànjọ́ nígbà yẹn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí nǹkan ńlá fi máa ń ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá?

Lọ́dún 1918, wọ́n kéde ìjọba olómìnira. Lọ́dún 1923, ìdìtẹ̀ Hitler forí ṣánpọ́n ní Munich. Lọ́dún 1938, wọ́n kọ lu àwọn Júù, wọ́n dáná sun sínágọ́gù wọn. Lọ́dún 1989, ògiri Berlin ṣí. Ẹ má kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ti 1938 so mọ́ ti 1923: àwọn olórí ẹgbẹ́ Násì pé jọ ní Munich lálẹ́ yẹn nítorí àyájọ́ ìdìtẹ̀ náà ni, ibẹ̀ sì ni Goebbels, mínísítà ìpolongo Hitler, ti sọ̀rọ̀ tó dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí ìròyìn ikú òṣìṣẹ́ Jámánì kan tí wọ́n yìnbọn fún ní Paris dé.

Ti 1989 kò so mọ́ nǹkan kan. Ìdájí ọjọ́ 10 ló yẹ kí wọ́n kéde òfin tuntun tó máa jẹ́ kí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Jámánì lè rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ òkèèrè. Günter Schabowski, agbẹnusọ ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso Ìlà-Oòrùn Jámánì, tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 9, kò mọ̀ pé ó ní àkókò tí wọ́n dá fún un. Wọ́n bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ní, bí òun ṣe mọ̀, lójú ẹsẹ̀ ni. Èrò bá ya lọ sí ẹnu ibodè. Ká ní ó mọ̀ ni, a kò ní máa béèrè ìbéèrè yìí.

Àwọn déètì mìíràn wà tí wọ́n dìídì yàn. Napoleon gba adé ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1804, ó ṣẹ́gun ní Austerlitz lọ́jọ́ kan náà ní 1805. Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ máa gbàjọba ní 1851, ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ló mú.

Ìbéèrè: Ṣé ìbáramu báyìí kì í ṣe àmì nǹkan kan?

Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ 23 péré láìṣà wọ́n. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì pé méjì nínú wọn yóò bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Kì í ṣe 23 là ń kà níbẹ̀, méjì-méjì tí a lè so pọ̀ ni: 23 lọ́nà 22, ká pín in sí méjì, 253. Tí ẹ bá ní ìṣẹ̀lẹ̀ 1,000, nǹkan bí ọjọ́ 23 tàbí 24 péré nínú ọdún ni yóò ṣófo. Àwọn ọjọ́ yòókù yóò ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí kan mẹ́fà tàbí méje.

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń kó “Ọjọ́ Òní Nínú Ìtàn” jọ fún ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ wa. Báwo ni mo ṣe lè mọ déètì tí kò tọ̀nà?

Ẹ máa fi ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ dán an wò. Ẹ mú nọ́ńbà méjì ìgbẹ̀yìn ọdún, ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un láìka ìyókù, ẹ fi ọjọ́ inú oṣù kún un, kí ẹ wá fi nọ́ńbà oṣù kún un. Láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, nọ́ńbà wọn ni 0, 3, 3, 6, 1, 4, 6, 2, 5, 0, 3, 5. Fún ọdún 1700 sí 1799, ẹ fi 4 kún un. 1800 sí 1899, ẹ fi 2. 1900 sí 1999, ẹ má fi nǹkan kan. 2000 sí 2099, ẹ fi 6. Ẹ pín àròpọ̀ sí méje, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù: 0 ni Ọjọ́ Àìkú, 1 ni Ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ lọ dé 6, Àbámẹ́ta.

Ẹ wo ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1989: 89, 22, 9 àti 3 jẹ́ 123. Ẹ pín in sí méje, ó ku 4, Ọjọ́bọ̀. Bí ìwé ìròyìn ìgbà náà bá pè é ní Ọjọ́ Ẹtì, a jẹ́ pé ọjọ́ tí ìròyìn jáde ni wọ́n kọ, kì í ṣe ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀; àṣìṣe yẹn ló wọ́pọ̀ jù. Ní oṣù kìíní àti ìkejì ọdún tó ní ọjọ́ 366, ẹ yọ 1 kúrò. Kàlẹ́ńdà tuntun nìkan ni ìṣirò yìí bá lọ.

Ẹ sì máa fi ọ̀rọ̀ kọ oṣù. Ará Amẹ́ríkà tó kọ 9/11 ń sọ ti ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án. Ará Jámánì tó kọ 9.11. ń sọ ti ògiri Berlin.

Ìbéèrè: Ọdún 1900 kò ní ọjọ́ 29 oṣù kejì. Kí ló dé tí mo fi rí ìwé tó ní déètì yẹn?

Ó jọ pé Rọ́ṣíà ni ìwé náà ti wá. Ibẹ̀ ṣì ń lo kàlẹ́ńdà àtijọ́ títí di oṣù kìíní ọdún 1918, ọdún 1900 sì ní ọjọ́ 29 oṣù kejì níbẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta ló jẹ́ lórí tiwa. Sweden tiẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kejì lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún 1712. Wọ́n ti fo ọjọ́ kan ní 1700 láti máa yí kàlẹ́ńdà padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbàgbé láti máa bá a lọ, wọ́n wá ní láti dá ọjọ́ kan yẹn padà sórí ọdún tó ti ní 29 tẹ́lẹ̀.