Kí ló dé tí Bharata fi gbé bàtà sórí ìtẹ́?

Ẹnìkan bi mí pé nínú ìtàn Rama ti ilẹ̀ Íńdíà, kí ló dé tó jẹ́ bàtà ni àbúrò rẹ̀ gbé sórí ìtẹ́ ọba. Ó ní ṣé kì í ṣe àrífín ni?

Àrífín kọ́ o. Ọ̀rọ̀ orogún ló bí i. Dasharatha, ọba Ayodhya, ní olorì mẹ́ta. Kausalya ló bí Rama, àkọ́bí. Kaikeyi ló bí Bharata. Kaikeyi ti gba ọba lọ́wọ́ ikú rí lójú ogun, ọba sì ṣèlérí ohun méjì fún un. Kò béèrè wọn. Àfi ìgbà tó ku ọ̀la kí wọ́n fi Rama ṣe àrólé, tí ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, Manthara, kó sí i nínú. Kaikeyi wá ní kí ọmọ òun jọba, kí Rama sì lọ gbé inú igbó fún ọdún 14. Vanavasa ni wọ́n ń pè é: vana ni igbó, vasa ni gbígbé. Èèpo igi ni yóò fi bora, irun rẹ̀ yóò ta kókó bíi ti ẹni tó kọ adùn ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Rama lọ. Ìbànújẹ́ pa ọba.

Bharata kò sí nílé nígbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ló wà. Ó dé, ó bínú sí ìyá rẹ̀, ó sì kó ìlú lẹ́yìn lọ bẹ ọbàkan rẹ̀ ní òkè Chitrakuta, níbi tó ń gbé. Rama ní ọ̀rọ̀ bàbá kò gbọdọ̀ di irọ́. Ni Bharata bá gbé bàtà tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ síwájú rẹ̀. Rama tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ ọ, ó dá a padà.

Lọ́dọ̀ àwọn Híńdù, ẹsẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù lára. Ẹni tí wọ́n bá fi bàtà lù ti tẹ́. Nítorí èyí gan-an ni orí tí wọ́n bá fi kan ẹsẹ̀ àgbà ṣe jẹ́ ọ̀wọ̀ ńlá. Àwa tí à ń dọ̀bálẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Títí dòní, wọ́n ń júbà bàtà àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní paduka. Orí ni Bharata gbé bàtà náà rù wálé. Kò gbé ààfin. Abúlé Nandigrama ló jókòó sí, òun náà fi èèpo igi bora, wọ́n ń ta agboòrùn ọba bo bàtà, ó sì ń ro ẹjọ́ ìlú fún un. Adelé ni. Ìtẹ́ kò ṣófo, kò sì sí ẹni tó gbà á.

Ẹ wá wo Duryodhana, ọmọ ọba kan nínú Mahabharata, ìtàn ńlá Íńdíà mìíràn. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ pàdánù ìjọba wọn nídìí tẹ́tẹ́, wọ́n lo ọdún 12 nínú igbó, wọ́n fi ìkẹtàlá sá pamọ́. Wọ́n padà dé, ó ní ilẹ̀ tó tó ṣónṣó abẹ́rẹ́ pàápàá òun kò ní í fún wọn. Ogun ọjọ́ 18 ló tẹ̀ lé e.

Ní ti Bharata, ọdún 14 pé, Rama dé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wọ bàtà náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní kó lọ wo ilé ìṣúra: ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá.