Kí ni ẹja Nile perch máa ń jẹ ní adágún Victoria?

Bó bá ṣe tóbi tó ló ń sọ ohun tó máa jẹ. Èyí tó ṣì kéré, edé àti kòkòrò inú omi ló ń ṣà jẹ. Tó bá ti dàgbà, ẹja mìíràn ló máa ń jẹ jù. Kì í fà á ya rárá: á la ẹnu gbàgà, á gbé e mì lódindi.

Láàárín ọdún 1950 sí 1963 ni wọ́n kó o dé adágún náà, àwọn ẹja cichlid kéékèèké ló sì kọ́kọ́ dojú lé. Nígbà tí ìyẹn dín kù gidigidi lẹ́yìn 1980, ó yí sórí edé àti dagaa, ẹja tín-ín-rín tó ń dán bíi fàdákà. Ó tún ń jẹ ọmọ Nile perch bíi tirẹ̀ o!