Ẹ̀kọ́ ti parí, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí ìtọ́jú ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí. Wọ́n gbé ètò tuntun dé fún ìlera ọpọlọ, wọ́n fi ìlù àti ayọ̀ ṣí i, kò pẹ́ tó fi kú jẹ́ẹ́. A mú lẹ́tà márùn-ún, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n; ìdáhùn wa ló tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n pe àwa méjì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, wọ́n fún wa ní mhGAP, ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ìtọ́jú ọpọlọ. Oṣù mẹ́rin rèé, aláìsàn mẹ́ta péré la kọ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní iṣẹ́ Àrò nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Àbí ẹ̀kọ́ náà ni kò wọ̀ wá létí?

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó jọ pé ẹ̀kọ́ wọlé. Ẹ bi ẹlẹgbẹ́ yín tí ẹ jọ lọ ní àmì ìsoríkọ́, ó ṣeé ṣe kó kà á tán láìwo ìwé. Ohun tí kò rí ni àyè tí iṣẹ́ náà máa gbà wọ inú ọjọ́ rẹ̀.

Bí alábòójútó bá ti káńsù dé, kí ló kọ́kọ́ ń bèèrè? Iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, iye aboyún tó wá, iye àyẹ̀wò ibà. Bí kò bá béèrè ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ tàbí ẹni tí ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò, òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá ò sọ. Ohun tí ọ̀gá ń bèèrè àti ohun tó ń torí ẹ̀ bá èèyàn wí, òun ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́, ohunkóhun tí wọn ì báà lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ní ti “iṣẹ́ Àrò”, Àrò fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo ti ń fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká ní Abẹ́òkúta, ẹbí aláìsàn á sì bá a gbé ibẹ̀ nígbà tó ń gba ìtọ́jú. Ní 2011, ilé ìwòsàn Àrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e jáde ní 2010 fún ẹni tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ, Ọ̀ṣun yín yìí sì ni wọ́n ti dán an wò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ kà á fún wọn ní ìpàdé, kí ẹ wá kọjú sí iṣẹ́, torí ìtàn nìkan kò lè yí wọn lọ́kàn padà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ́jísítà. Bí kò bá ní ìlà fún ìsoríkọ́, wárápá, àìsàn ọpọlọ líle àti ọtí tàbí oògùn olóró, ẹ fi rúlà fa ìlà náà fúnra yín kí oṣù tuntun tó wọlé. Kí ẹ fi iye wọn kún ìròyìn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí káńsù, bí wọn ò tilẹ̀ bèèrè. Tó bá di oṣù kẹta, ẹnì kan á bi yín pé kí nìyí.

Ìṣòro àkókò ló tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo ìbéèrè mẹ́sàn-án inú PHQ-9, ìwé àyẹ̀wò ìsoríkọ́, kó máa túmọ̀ rẹ̀, fún gbogbo èrò ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ. Ẹ fi méjì àkọ́kọ́ ṣe asẹ́: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé ohun tó máa ń wù ú ṣe kò wù ú mọ́? Ṣé ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́, tí nǹkan sú u? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba máàkì 0 sí 3. Bí àpapọ̀ méjèèjì bá tó 3, ẹ bi í ní méje tó kù. Máàkì 27 ni òpin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Láti 10 lọ sókè, ẹ gbọ́dọ̀ mú un wọ yàrá kí ẹ fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Láti 20, ẹ wá dókítà.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé aláìsàn kì í wọlé kó ní òun ní ìsoríkọ́. Á ní ọdẹ orí ń da òun láàmú, nǹkan ń rìn lórí òun bí eèrà, etí òun ń hó, orí òun gbóná. Òṣìṣẹ́ tó ń kánjú gbọ́ “orí gbóná”, ó na oògùn ibà sí i, ó pe ẹni tó kàn.

Ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí èrò ikú àti pípa ara ẹni lára, ni wọ́n máa ń fò jù. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bíbéèrè á fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ara máa ń tu ẹni tó ti ń dá ru ẹrù náà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, torí abala 327 nínú òfin ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sórí ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ẹ là á yé wọn pé orí ìgbìyànjú ni abala yẹn ti sọ̀rọ̀. Èrò tí aláìsàn sọ fún nọ́ọ̀sì kì í ṣe ìgbìyànjú. Kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri yàrá yín, níbi tí aláìsàn kò ti ní rí i, ohun tí òṣìṣẹ́ máa ṣe bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni: má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, pe ẹni báyìí, nọ́ńbà fóònù dókítà rèé. Ẹni tí kò mọ ohun tó máa ṣe sí ìdáhùn kì í fẹ́ béèrè.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìní oògùn oṣù mẹ́ta nílẹ̀. Oògùn ìsoríkọ́ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí a tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí aláìsàn bá padà wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá oògùn, kò ní wá mọ́. Òṣìṣẹ́ tí ojú ti tì lẹ́ẹ̀mejì níwájú aláìsàn, òun náà kò ní béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun kékeré kan tó ń ba iṣẹ́ jẹ́: bí wọ́n bá ti ń pe yàrá náà ní “yàrá wèrè” láàárín ara wọn, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, torí aláìsàn ń gbọ́. Ẹ má kọ ohunkóhun sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ju nọ́ńbà lọ.

Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìwòsàn aládàáni ni mo dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìbéèrè Edinburgh ṣàyẹ̀wò ìsoríkọ́ fún àwọn abiyamọ. Gbogbo ìpàdé ni mo ń bèèrè bóyá ìṣòro wà, wọ́n á ní “kò síṣòro, sà”. Ìgbà tí mo ṣí fáìlì wò, òdo ló kún ibẹ̀ bámú. Ṣé kí n kọ kúérì sí wọn?

Ẹ fi kúérì náà sílẹ̀ ná, sà. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà nínú ìwé yẹn, máàkì 30 ni òpin rẹ̀, orí ọjọ́ méje tó kọjá ló sì dá lé. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn tí kò sùn, kó má gba ẹyọ máàkì kan? Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí èrò ti lọ ni, tàbí èyí tí wọ́n kà sí abiyamọ létí níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ta ló máa sọ níwájú ìyá ọkọ pé òun ń sunkún lóru?

Èkejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí ó rọrùn. Kí nọ́ọ̀sì pe abiyamọ nìkan wá síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, kó bi í níbẹ̀. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ kéde pé kò sí kúérì fún fọ́ọ̀mù tí kò pé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi irọ́ kún nìkan ni ẹ ó bá èèyàn wí lé lórí. Bí ìyà àṣìṣe bá bá ti irọ́ dọ́gba, irọ́ ni gbogbo ènìyàn máa yàn, torí kì í tètè hàn síta.

“Kò síṣòro, sà” kì í ṣe ìdáhùn, ìkíni ni. Ilé tí wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́ ni wọ́n ti wá. Nítorí náà, ẹ yí ìbéèrè padà. Ẹ má béèrè bóyá ìṣòro wà. Ẹ béèrè pé, “Nínú àwọn abiyamọ tí ẹ rí lánàá, ta ló ṣòro jù láti bá sọ̀rọ̀?” Kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹ̀yin sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Bí ẹnì kan bá tú àléébù ètò náà fó, ẹ tún ohun kan ṣe lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kéré tán kí wọ́n rí i. Ẹ ó gbọ́ kejì.

A ò kàn ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán. Charles Glisson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ilé ìtọ́jú ọpọlọ 100 ní ìpínlẹ̀ 26 ní Amẹ́ríkà, àbájáde wọn jáde ní 2008. Níbi tí àṣà iṣẹ́ ti dára jù, ètò tuntun ń lò tó oṣù 50 kó tó parẹ́; níbi tó ti burú jù, oṣù 24. Níbi tí ara ti tu òṣìṣẹ́ jù, ìdá 10 nínú 100 ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún. Níbi tí ara ti ń ni wọ́n jù, 22. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn àṣà: ṣé òye iṣẹ́ àti àǹfààní aláìsàn ló ṣáájú, ṣé òṣìṣẹ́ lè pinnu ohunkóhun láìgba àṣẹ, ṣé wọ́n máa ń gbógun ti ohun tuntun. Ẹ fi èkejì yẹn wo ara yín, sà.

Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ìwòsàn wa ti gba ìwé ìyípòpadà lọ sí káńsù mìíràn. Ìkejì rẹ̀ ti jápa. — CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ), Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni méjì kéré. Ẹ kọ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ CHEW tó kọ́lé tàbí lọ́kọ nílùú yín, torí òun kì í tètè lọ. Ẹ dẹ́kun àtimáa fi orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọ̀gá ránṣẹ́ torí owó ọkọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kò ní bá aláìsàn kan sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìwé bá dé fún gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú arọ́pò rẹ̀ fún ọjọ́ ìtọ́jú mẹ́ta kó tó gba ìwé ìdágbére.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé Safewards dé, ètò tó ń dín ìjà kù ní wọ́ọ̀dù, àwọn tó ti pẹ́ ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ pàápàá, a ò fẹ́ máa sọ ọ̀rọ̀ ara wa fún aláìsàn.

Ohun mẹ́wàá ló wà nínú Safewards tí Len Bowers àti ikọ̀ rẹ̀ ṣe, ọ̀kan péré ni èyí tó ń bà yín lẹ́rù: kí aláìsàn àti òṣìṣẹ́ mọ nǹkan díẹ̀ nípa ara wọn. Ẹ̀yin lẹ ó yan ohun tí ẹ máa kọ. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ràn ti tó, tàbí pé ẹ̀fọ́ rírò ni ẹ máa ń sè lọ́jọ́ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ọmọ, ọkọ, àdúgbò tí ẹ ń gbé, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fi síbẹ̀, ẹ má sì fi síbẹ̀.

Ní ti “ọ̀rọ̀ ọmọdé”, wọ́n dán an wò ní wọ́ọ̀dù 31 nílé ìwòsàn 15. Ìjà àti rògbòdìyàn dín kù ní ìdá 15 nínú 100, dídi aláìsàn mú, títì í mọ́lé àti irú rẹ̀ dín kù ní ìdá 26. Ẹni tí wọ́n ti lù lẹ́nu iṣẹ́ rí mọ iye tí ìyẹn tó.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀gá á fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, á lẹ ìwé mọ́ ògiri, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò ní gbọ́. Ẹ fi èyí tí kò gba owó bẹ̀rẹ̀: nígbà tí ẹ bá ń fa iṣẹ́ lé ara yín lọ́wọ́, kí ẹ sọ ohun rere kan nípa aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tó fa ìwà tó le bí ó bá hù ú. Dípò “ó ń yọ wá lẹ́nu látàárọ̀”, ẹ ní “ìyá rẹ̀ kò wá gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí, ó bínú, ṣùgbọ́n ó jẹun ọ̀sán.” Ẹni tó gbọ́ èkejì kì í fi ojú ìjà wọ wọ́ọ̀dù. Kí aṣáájú rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ alẹ́, pàápàá ẹni tó ń ráhùn jù. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i kí ẹ tó fi èkejì kún un.

Ilé iṣẹ́ wa ní Èkó gba olùdámọ̀ràn kan tí òṣìṣẹ́ lè pè lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó pè. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni mo wà.

Wọ́n ń bẹ̀rù yín ni, ẹ má bínú. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2023 kọ̀ kí a fi àìsàn ọpọlọ ya ènìyàn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò ní fi òfin tí kò tíì rí kí wọ́n lò dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé olùdámọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ fún yín lórúkọ, iye ènìyàn nìkan ni kó máa fún yín, kó má sì pín iye náà sí ẹ̀ka tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́wàá. Kí nọ́ńbà náà ṣeé pè lẹ́yìn aago márùn-ún àti lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ìwé owó tí olùdámọ̀ràn ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Bí orúkọ ẹni tó pè bá lè wà lórí rẹ̀, akáúńtáǹtì yín máa kà á, ọ̀rọ̀ á sì dé kántíìnì kí ó tó dọ́sàn-án.