Orúkọ wo la máa fi sáàárín?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ọmọkùnrin wa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lánàá, ní Manchester níbí. A ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, orúkọ tó wọnú àwo ò sì lóǹkà. Olúwatìmílẹ́yìn lèmi àti bàbá rẹ̀ fẹnu kò sí. Ti àárín ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Màmá mi fẹ́ Olúwadámilọ́lá. Ọ̀rẹ́ mi ní ká fi Babátúndé sí i torí ó dùn lẹ́nu. Ọkọ mi ní Àkànní tí màmá òun ń pè é láti Abẹ́òkúta ti tó. Bàbá ọkọ mi wà láyé o, ara wọn le. Èwo ni ká ṣe?
Ìyá Tìmí

Ìyá Tìmí, ẹ kú ewu ọmọ o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Babátúndé kúrò nílẹ̀. Bàbá àgbà ń bẹ lókè eèpẹ̀, ẹ fẹ́ sọmọ ní "bàbá tún dé"? Níbo ni wọ́n lọ? Tí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ìtókò tiwa, ẹ̀yin ni wọ́n máa fi ṣọ̀rọ̀ sọ títí di Kérésì.

Dámilọ́lá dára, àmọ́ Olúwa kan ti wà níwájú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún àkọ́bí mi nìyẹn: Olúwa níbẹ̀rẹ̀, Olúwa láàárín, kí orúkọ ìdílé tó ní Ṣó lórí tó wá tẹ̀lé e, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Abẹ́òkúta. Nígbà tá a fẹ́ relé, tíkẹ́ẹ̀tì gé orúkọ kejì sí OLUWASE. Òṣìṣẹ́ orí káńtà wo páspọ́ọ̀tù, ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wá wo ọmọ. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Ọkọ yín ni mo bá lọ. Àwọn àgbà kan á ní oríkì kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé, pé ẹnu ìyá nilé rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé, ẹnu ìyá àgbà wà nítòsí láràárọ̀. Níbí, ọmọ lè dàgbà kó má mọ̀ pé òun ní oríkì.

Èkejì mi, Àjàní ni mo kọ sáàárín. A jà lóòótọ́ ká tó ní i. Ní ọjọ́ Àìkú, màmá mi á pè lórí WhatsApp: "Àjàní! Àjàní ọkọ mi!" Ọmọ ọdún mẹ́rin yìí á ju ohun ìṣeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sáré wá fi imú gbá gíláàsì fóònù. Kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń kì í, àmọ́ ó mọ̀ pé òun ni.

Ẹ bi ìyá ọkọ yín pé kí ló dé tí wọ́n fi mú Àkànní, tí kì í ṣe Àlàó tàbí Àyìndé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Nínú páspọ́ọ̀tù, AKANNI lásán ni yóò jẹ́, kò lámì kankan lórí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ àwọn olùkọ́ ní dò-dò-mí rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àárín ni orúkọ ń sápamọ́ sí. Ṣóyínká tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1934, Akínwándé Olúwọlé Babátúndé ni. Èwo layé ń pè níbẹ̀?

Ọjọ́ 42 ni wọ́n fún wa ní England láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ ṣì ráyè. Ti màmá yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Dámilọ́lá tiwọn. Owó tí wọ́n sọ sínú àwo ti san án.