Èsì: Àmì ohùn tó ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà ítálíìkì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àmì orí “Ògbómọ̀ṣọ́” ń ṣí nípò nínú ìwé ètò ìsìnkú yín bí ẹ bá fi ítálíìkì, lẹ́tà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fà á, fọ́ńtì ni, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Ẹ gba Charis SIL tàbí Gentium Plus, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kí ẹ sì rí i pé fáìlì Italic (ti ítálíìkì) rẹ̀ wọlé pẹ̀lú.

“Ó” ní kóòdù tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, “ọ̀” àti “ọ́” kò ní. “Ọ” là ń tẹ̀, ká tó wá fi àmì lé e, fọ́ńtì ló sì ń pinnu ibi tí àmì máa jókòó. Lẹ́tà ítálíìkì fì sọ́tùn-ún. Bí ẹni tó ya fọ́ńtì náà kò bá ṣètò àyè yẹn, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí fáìlì Italic kò bá sí, Word á kàn ti lẹ́tà lásán dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ wo “a”: nínú ítálíìkì gidi ti fọ́ńtì méjèèjì yìí, ó máa ń dà bí èyí tí a fọwọ́ kọ. Bí ó bá ṣì ní ìlà tó tẹ̀ bò ó lórí, ayédèrú ni.

Bí ẹ bá ti fa àmì lé lẹ́tà bí àwòrán, ẹ kọ́kọ́ fi kíbọọ̀dù Yorùbá tún un tẹ̀.

Fáìlì PDF tó gbé fọ́ńtì sínú ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé fún atẹ̀wé, kì í ṣe fáìlì Word. Oríkì àti ẹsẹ Bíbélì nìkan ni kẹ́ ẹ fi ítálíìkì tẹ̀ o. Odidi ojú ewé máa ń ni ojú àgbàlagbà lára.