Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ń dún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn gbọ̀ngàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sípíkà méjì ló wà níwájú gbọ̀ngàn wa. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ni a bá gbé méjì mìíràn kọ́ sí àárín, 30 mítà sí ti iwájú. Ó ń ké dé ẹ̀yìn báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò yé wọn rárá, gbogbo gbólóhùn ló ń dún lẹ́ẹ̀mejì. A yí EQ, ìyẹn ohun tí a fi ń dín báàsì tàbí tírẹ́bù kù tàbí fi kún un, títí, kò gbọ́. DSP, ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìró kó tó dé sípíkà, wà lọ́wọ́ wa. Báwo la ṣe máa lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ fi EQ sílẹ̀ ná. Àkókò ló ń dà yín láàmú.

Ohun tó ń gba inú wáyà dé sípíkà àárín lójú ẹsẹ̀. Ìró inú afẹ́fẹ́ kì í yára tó bẹ́ẹ̀: bí ooru bá wà ní 20°C, 343 mítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 30 mítà yóò gbà á tó 87 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ẹni tó jókòó sítòsí sípíkà àárín á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ kí ti iwájú tó wá bá a. Bí àlàfo bá sì ti kọjá nǹkan bíi 50 ms, etí á kà á sí ọ̀rọ̀ méjì.

Nítorí náà, ẹ fi delay (ìdádúró ìró) 87 ms sí output (ojú ìjáde DSP) tó ń lọ sí sípíkà àárín nìkan. Ẹ má fi sí input (ojú ìwọlé) o, torí gbogbo sípíkà ni yóò jọ pẹ́, àlàfo náà á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Téèpù nìkan kò tó láti fi wọn èyí. Bí sípíkà àárín bá ní DSP tirẹ̀ nínú, ó ti ń dá ìró dúró díẹ̀ kó tó jáde. Ẹ jẹ́ kí etí yín bá yín ṣe é. Ẹ gbé ìró tó ń dún “kó, kó” sí i, kó máa tún ara rẹ̀ ṣe, kí ẹ dúró díẹ̀ lẹ́yìn sípíkà àárín, ní apá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kí ẹ dín fólúùmù rẹ̀ kù títí òun àti ti iwájú á fi ké bákan náà níbi tí ẹ dúró sí. Ẹ wá máa yí delay náà díẹ̀díẹ̀. “Kó” ti iwájú àti “kó” ti àárín á máa sún mọ́ra, títí yóò fi di “kó” kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi a máa fi bíi 10 ms kún un. Helmut Haas, ará Jámánì, fi hàn ní 1949 pé ìró tó bá kọ́kọ́ dé ni etí fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, kódà bí èyí tó tẹ̀lé e bá fi tó 10 dB lágbára jù ú lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete, á sì dà bíi pé ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú gan-an ló ti ń wá. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, torí ojú àti etí olùgbọ́ á jọ máa wo ibì kan náà. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá gbé fólúùmù sípíkà àárín sókè, ní ìwọ̀nba.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rèé: delay ń tún ẹ̀yìn ṣe, kò lè tún iwájú ṣe. Ìró tó bá jò láti ara sípíkà àárín padà síwájú ti pẹ́ bíi 97 ms (87 pẹ̀lú 10 tí a fi kún un) kó tó gbéra, yóò sì tún rin 30 mítà. Bí ó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó níwájú, yóò ti tó 184 ms lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbọ́. Báàsì ló ń jò bẹ́ẹ̀ jù, torí ẹ̀yìn sípíkà àti iwájú rẹ̀ ló ń gbà jáde. Ẹ gé gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 120 Hz kúrò lára sípíkà àárín. Báàsì ti iwájú máa ń dé ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ojú àwọn sípíkà náà sẹ́yìn, kí wọ́n tẹrí ba díẹ̀ sí àwọn tó jókòó.

Tí gbogbo èyí bá ti wà nípò, tí nǹkan kan bá ṣì ń han etí, ẹ lè wá fọwọ́ kan EQ.